Ìró Màámi Tí Mo Jí Gbé Lọ sí Ẹdúnàbọ̀n

Òórùn ewúro ló jí mi láàárọ̀ Sátidé yẹn. Kì í ṣe ewúro tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi se ọbẹ̀ o. Ewúro tútù ni, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já, tí wọ́n ń gún láìfọ̀, èyí tí kíkorò rẹ̀ máa ń bá ènìyàn lọ́fun kó tó kan ẹnu rárá. Mo nu ojú, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé ilé wa lẹ́bàá Ẹnuwá ní Ilé-Ifẹ̀, mo bá màámi lórí àpótí, wọ́n ń fún omi ewúro sínú abọ́ kékeré kan. Káyọ̀dé àbúrò mi dúró tì wọ́n, ó di etí ìró wọn mú, ó ń wo abọ́ náà tìfura-tìfura. Ọmọ ọdún kan àbọ̀ ni nígbà náà. Eyín ti kún ẹnu rẹ̀, ó ń sáré, ó ń lé adìẹ kiri, síbẹ̀ ọmú ló ń mu láàárọ̀, ọmú lọ́sàn-án, ọmú nígbàkigbà tó bá ti rántí pé òun ní ìyá.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ irú ọmọ tí mò ń wí. Káyọ̀dé kì í tọrọ ọmú, ṣe ló máa ń gbà á. Ìbáà jẹ́ inú takisí, ìbáà jẹ́ ilé ìjọsìn, ọwọ́ méjèèjì ló máa fi ká búláòsì màámi sókè níṣojú gbogbo ayé. Ọjọ́ kan wà tí a lọ san owó ìwé mi nílé-ìwé, ó ká búláòsì náà sókè níwájú ọ̀gá àgbà, ọ̀gá àgbà sì sáré kọjú sí kàlẹ́ńdà ara ògiri. Màámi ní ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ náà, àwọn ì bá bọ́ sínú rẹ̀.

Ni màámi bá fi omi ewúro ra ọmú méjèèjì. "Ó tán," ni wọ́n wí. "Ó tó gẹ́ẹ́ báyìí." Káyọ̀dé gun ẹsẹ̀ wọn, ó gbé ẹnu lé e. Ojú rẹ̀ rún jọ. Ó tú u sílẹ̀, ó wo ọmú náà, ó wo ojú màámi, bí ẹni tó fẹ́ béèrè ohun tí òun ṣe. Lẹ́yìn náà ló fa etí ìró màámi, ó nu ọmú náà mọ́ tónítóní, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Bàámi tí wọ́n ń fá irùngbọ̀n lójú fèrèsé rẹ́rìn-ín títí bíléèdì fi gé wọn lágbọ̀n. Màámi fẹ́ bínú, wọn ò rí i bí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín pátápátá. Olùkọ́ ni màámi, wọ́n sì ti rí ààyè gbà nílé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ sí i, ní ìlú mìíràn. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbà wọ́n wọlé, oyún Káyọ̀dé ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ. Àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ náà sì ti sọ ọ́ pé àwọn ò ní sún un síwájú mọ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè kejì sí Sátidé yẹn ni wọ́n máa wọlé. Ìdájí ni màámi á máa jáde, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n á máa dé. Báwo ni ọmọ tí kì í fi ẹnu kan ògì ṣe fẹ́ wà láti ìdájí di ìrọ̀lẹ́? Mo gbọ́ tí màámi ń sọ fún bàámi pé, "Bí a ò bá rí ọmú gbà lẹ́nu ọmọ yìí, ilé-ìwé yẹn ti lọ nìyẹn." Mo mọ̀ pé wọ́n ti ra bírò, wọ́n ti fi ìwé kàlẹ́ńdà àtijọ́ bo ìwé wọn, wọ́n sì tò wọ́n sínú àpótí aṣọ bí ọmọdé tó ń dúró de Kérésìmesì.

Bí ewúro ò bá ti ran ọmọ nílé wa, ọ̀dọ̀ ìyá-àgbà ni wọ́n ń gbé e lọ. Ọjọ́ márùn-ún ni. Ìyá ọmọ kò gbọdọ̀ yọjú, nítorí bí ọmọ bá rí i lẹ́ẹ̀kan péré, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n á padà sí. Ìyá tó bí màámi, tí a ń pè ní Ìyá Ẹdúnàbọ̀n nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ló wá mú wa fúnra wọn lọ́jọ́ kejì. Wọ́n dúró ti màámi níbi tí wọ́n ti ń di báàgì. "Aṣọ ìyá kankan ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé wa o. Ọmọ tó bá ń gbóòórùn ìyá rẹ̀ ò ní jẹun."

Èmi Bọ́lá, tí Ìyá máa ń fi oríkì pè ní Àjọkẹ́, ni wọ́n ní kó tẹ̀ lé Káyọ̀dé, kí ó lè rí ojú tó mọ̀. Ọlidé ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ sì ni mí. Ẹ ò bá rí fáàrí mi! Mo lọ bá Sìkírá, ọmọ ilé kejì, mo ní, "Èmi ni mo fẹ́ lọ já àbúrò mi lẹ́nu ọmú." Ṣùgbọ́n nígbà tó ku díẹ̀ kí á jáde, mo bá ara mi nídìí okùn tí màámi sá aṣọ sí. Ìró àǹkárá kan wà níbẹ̀, aláwọ̀ ewé, tí wọ́n máa ń ró nílé. Wọn ò tíì fọ̀ ọ́, wọ́n kàn fi kọ́ síbẹ̀ ni. Òórùn páúdà wà lára rẹ̀, àti ti omi ọmú, àti ti èéfín ìdáná. Mo fà á, mo ká a kékeré, mo tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì lábẹ́ àwọn gáùn mi. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, màá ní mo fẹ́ fi pọn Káyọ̀dé ni. Ẹnikẹ́ni ò béèrè.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn ni Ìyá ń tà létí títì, níwájú ilé wọn gan-an, fún àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn. Lẹ́yìnkùlé, kòkó ni wọ́n sá sórí ẹní, tí òórùn rẹ̀ kan díẹ̀, tó dùn díẹ̀. Káyọ̀dé gbádùn ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó lé ewúrẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ọkọ̀ tó bá dúró ló ń nawọ́ sí, á ní, "Màmá?" Ọjọ́ kejì, Ìyá po ògì, wọ́n da mílíìkì sí i, ó pa ẹnu dé. Wọ́n gún iṣu, wọ́n lọ ẹ̀wà, wọ́n se ẹyin. Ó gbá gbogbo rẹ̀ dànù. Omi ọsàn nìkan ló ń mu. Igbe tó ń ké, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ń bẹ̀ ẹ́ láti ojú fèrèsé.

Èmi mọ ohun tó fà á. Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀. Bí a bá ti sùn sórí ẹní, màá yọ ìró yẹn, màá fi bo ojú. Káyọ̀dé á yí sọ́dọ̀ mi lójú oorun, á wá ọmú káàkiri inú aṣọ. Tí ilẹ̀ bá mọ́, màá ti dá a padà sísàlẹ̀ báàgì, òun á sì jí pẹ̀lú igbe tuntun.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Ìyá ń wá ṣòkòtò Káyọ̀dé nínú báàgì, ọwọ́ wọn bá ìró. Wọ́n fà á jáde, wọ́n gbé e sí imú.

"Àjọkẹ́, ta ló gbé èyí wá?"

Ẹnu mi ti dáhùn kí n tó rò ó. "Màámi ni, mà. Wọ́n ní kí n fi pọ̀n ọ́n."

Ìyá jókòó. Mi ò rí i kí wọ́n bínú báyẹn rí, nítorí wọn ò pariwo. "Ṣé mi ò kìlọ̀ fún un ni? Ọmọ tí mo bí ń wò mí lójú, ó ń tàn mí jẹ. Kò fẹ́ já ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú. Kó yáa wá gbé e. Kí ó jókòó tì í, kí ó fi ilé-ìwé sílẹ̀." Wọ́n dìde, wọ́n kọrí sí títì.

Kò sí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ẹnu dírẹ́bà ni fóònù wa. Bàbá Súlè tó ń na Ilé-Ifẹ̀ lójoojúmọ́ ti ń kó èrò, ọkọ̀ ti ń kùn. Mo gbọ́ ohùn Ìyá: "Ẹ bá mi yà nílé Ìyá Bọ́lá. Ẹ ní kó wá gbé ọmọ rẹ̀ lónìí olónìí." Èrò tó gbẹ̀yìn gbé ẹrù rẹ̀ sí búùtù.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, Káyọ̀dé wà lẹ́yìn mi. Mo rí màámi lọ́kàn mi, bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, bí Káyọ̀dé ṣe ń fò mọ́ wọn láyà. Mo rí àwọn ìwé tí wọ́n fi kàlẹ́ńdà bò nínú àpótí. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ni mo bá sáré, tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Sálúbàtà mi kan ṣẹ́kù sínú ẹrẹ̀.

"Ìyá! Èmi ni! Èmi ni mo jí i!"

Gbogbo ọkọ̀ yí ojú padà. "Kí lo jí?"

"Ìró màámi. Wọn ò mọ̀ sí i, mà. Èmi ni mo já a lórí okùn."

Ojú Ìyá rọ̀ díẹ̀. "Torí kí àbúrò rẹ lè rí nǹkan sùn lé?"

Ẹ wò ó, ibẹ̀ yẹn ni mi ò bá ti yọ. Bí mo bá kàn mi orí, wọn ì bá yìn mí. Ṣùgbọ́n ẹkún ti gbé mi. "Rárá, mà. Torí tèmi ni. Mi ò sùn níbi tí màámi ò sí rí."

Bàbá Súlè pa ọkọ̀. Ìyá wò mí látòkè délẹ̀, mo sì ti ń dúró de ìgbátí. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí, ẹ̀rín tó ń mi gbogbo ara wọn. "Yéè! Ọmọ méjì ni wọ́n kó wá fún mi já lẹ́nu ọmú, ọ̀kan péré ni wọ́n dárúkọ!" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo fi orí pamọ́ sára wọn. Ìyá nu ojú, wọ́n sọ fún Bàbá Súlè pé, "Ẹ gbàgbé ohun tí mo wí. Ẹ ní ọmọ rẹ̀ ti ń jẹun." Káyọ̀dé ò sì tíì jẹ nǹkankan o!

Ọṣẹ dúdú ni wọ́n fi fọ ìró náà, lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó. Nígbà tó gbẹ, wọ́n dá a padà fún mi. Òórùn ọṣẹ àti oòrùn ló kù lára rẹ̀, màámi ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo sunkún sí i, mo sì sùn. Káyọ̀dé náà sùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹrin ni ebi ṣẹ́gun rẹ̀. Arákùnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ láti ra bọ̀ọ̀lì lọ́wọ́ aládùúgbò Ìyá tó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀, bó ṣe fẹ́ gbé e sẹ́nu ni Káyọ̀dé já a gbà, ó fi gbogbo eyín rẹ̀ bù ú jẹ. Ìyá fún arákùnrin náà ní ọsàn mẹ́rin, wọ́n tún kí i kú oríire, kò sì mọ oríire ohun tó ṣe. Láti ìgbà yẹn, kò sí oúnjẹ tí Káyọ̀dé kọ̀.

Nígbà tí a délé, màámi gbé e, wọ́n mú un mọ́ra pinpin. Ó fọwọ́ gbá wọn láyà lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó kí ojúlùmọ̀, ó wá ní, "Bọ̀ọ̀lì." Màámi rẹ́rìn-ín, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń wá nǹkan ni. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n gbé báàgì, wọ́n lọ sílé-ìwé.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí báyìí. Ilé-Ifẹ̀ yìí náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ní ọmọbìnrin kan, Tìwalọ́lá, tó kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún méjì. Mo gbìyànjú ewúro. Ó lá a, ó ní kí n fi kún un. Bí màámi, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, ṣe wọ takisí wá lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn láti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn. Àwọn fúnra wọn ló di báàgì. Wọ́n tún tú u délẹ̀, wọ́n fi igun ojú wò mí. "Aṣọ ìyá kankan ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé wa o." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀yin náà! Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Lọ́jọ́ Túsìdeè, mo wà ní ọ́fíìsì nígbà tí wọ́n pè mí lórí fóònù. Tìwa ń jẹun. Ó jẹ ẹ̀bà, ó jẹ mọ́ínmọ́ín, ó tún ń bá wọn du ẹran.

"Kò béèrè mi?"

"Ajá aládùúgbò ló ń béèrè."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni mo wí.

"Bọ́lá, gáùn yẹ́lò tí ọmọ yìí fi sùn lọ́jọ́ Fúráìdeè, ọwọ́ ara mi ni mo fi kó o sínú báàgì. Mi ò rí i mọ́. Ṣé kò sí lọ́dọ̀ rẹ?"

Gáùn náà wà lórí itan mi, lábẹ́ tábìlì. Láti Sátidé ló ti wà nínú báàgì ọwọ́ mi.

"Mi ò rí i o, màámi. Bóyá ó wà lórí okùn."

Ẹ̀rín tí mo gbọ́ nínú fóònù yẹn, ẹ̀rín Ìyá Ẹdúnàbọ̀n gan-an ni. "Kò burú," ni màámi wí. "Bí o bá rí i, má tíì fọ̀ ọ́ o."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ béèrè ohun tó mú ojú mi pọ́n, mo ní ata ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn pọn àbúrò rẹ̀ sáré dé títì, ó fi sálúbàtà kan sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó jẹ́wọ́ níwájú odindi ọkọ̀. Èmi ìyá ọmọ ká gáùn náà kékeré, mo tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì, mo fa síìpù.