Kòkòrò Tó Sọ Mí Di Alágbèrè

Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí n jẹ́wọ́ pé èmi fúnra mi ti ń ṣiyèméjì ara mi.

Ojú ara mi ń rùn, ọkọ mi ní ọkùnrin ìta ló fà á. Mi ò ní ọkùnrin ìta kankan. Síbẹ̀, mò ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti álọ́ọ̀mù fọ abẹ́ bí ẹlẹ́ṣẹ̀.

Lónìí, nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn tó wà ní Jójú yẹ̀ mí wò.

"Mọ́mì, kòkòrò àìfojúrí ló ń fa òórùn yẹn o. Ó ní èròjà tó fi ń já ṣúgà inú ikun yíyọ̀ tó ń dáàbò bo ojú ara jẹ. Kì í ṣe ẹ̀rí àgbèrè. Ọsàn yẹn ń dá kún un."

Mo sáré lọ sọ fún ọkọ mi.

"Kòkòrò tó ń jẹ ṣúgà? Èèrà nìyẹn! Lọ wá irọ́ mìíràn, Ìyá Kúdí."

Ẹ̀yin obìnrin, kí lẹ máa ṣe?

Èmi á bẹ̀rẹ̀ oògùn tí nọ́ọ̀sì fún mi lọ́la. Bí ara mi bá yá, mi ò ní sọ fún un; imú rẹ̀ ni yóò sọ fún un.