Ibi Tí Bóòtù Bàbá Mi Ti Ń Jò

Òórùn ọ̀dà ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kì í ṣe ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilé o. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń yí sí títì ni mò ń wí, èyí tí bàbá mi gbé kaná nínú agolo ńlá kan lẹ́yìnkùlé wa ní Ayọ̀bọ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ òórùn rẹ̀ rí, ẹ ó mọ̀ pé kì í gba imú kọjá lásán. Ó máa ń jókòó sọ́nà ọ̀fun ni, kódà ẹ ó máa tọ́ ọ wò nínú ẹ̀kọ tí ẹ bá mu. Ìrì ṣì wà lórí ewé ẹ̀gẹ́, ìyá mi ń gbálẹ̀, bóòtù bàbá mi sì dùbúlẹ̀ lórí ìtì ọ̀pẹ méjì bí ẹran ńlá tí àwọn ọdẹ gbé tigbó dé.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lápá ibẹ̀, ẹ ó rántí pé Ayọ̀bọ̀ ìgbà náà kì í ṣe Ayọ̀bọ̀ tòní tí ilé ń gun ilé. Oko ni. Láti ẹ̀yìnkùlé wa, ẹ ó gba àárín ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo kọjá, ẹ ó sì já sétí odò. Bí ọjọ́ ọjà bá pé, àwọn obìnrin á ti òdìkejì wá pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ata àti ìdì ewé eéran. Bàbá Lámídì ló ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ rẹ̀, tó ń fọwọ́ wà, gbé wọn sọdá, àgbàlagbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ṣùgbọ́n tí apá rẹ̀ ṣì le bí okùn.

Òdìkejì yẹn ni wọ́n ti bí ìyá mi. Bàbá mi ní tirẹ̀, ará Èkìtì ni, ọmọ orí òkè, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìpájà. Kò tilẹ̀ mọ odò wẹ̀. Nígbà tó wá tọrọ ìyá mi, ìyá tó bí ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Òdìkejì, bi í ní ohun kan ṣoṣo: "Ṣé ọmọ mi á wá máa dúró sétí omi, á máa bẹ ọlọ́kọ̀ kó tó lè rí mi?" Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Rárá, Màmá. Ọkọ̀ tèmi ni yóò máa gbé e wá." Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin bá fi àyà kan ilẹ̀ sọ níwájú àna rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ṣeé kó jẹ. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó ló ra bóòtù onípákó kan tó ní ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, arúgbó bóòtù tí àwọn apẹja kan ti lò gbó. Láti ìgbà náà, ìyá mi kò wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ sílé wọn mọ́. Bí a bá ti ń sún mọ́ èbúté, tí ẹ́ńjìnnì ń han, Màmá Òdìkejì á ti jáde síta, á máa sọ fún àwọn ará ilé pé, "Àna mi ń bọ̀. Àbí ẹ ò gbóhùn rẹ̀ ni?"

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, òjò pọ̀. Ọ̀nà tó yí gba ẹ̀yìn lọ sí abúlé wọn ti di ẹrọ̀fọ̀, mọ́tò kankan kò gbà á. Obìnrin aláta kan ló mú ìròyìn wá pé Màmá ti dùbúlẹ̀ àìsàn, kò lè dìde mọ́, orúkọ ìyá mi ló sì ń pè. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a wọ bóòtù. A kò tíì dé àárín odò tí omi fi dé ọrùn ẹsẹ̀ wa. Bàbá mi yí orí ọkọ̀ padà, ìyá mi ń fi kẹ́ẹ̀gì tí a gé lẹ́nu gbọ́n omi dà nù. Bí a ṣe gúnlẹ̀, bàbá mi ní, "Ọ̀la la ó lọ. Ẹ jẹ́ kí n wá ibi tó ti ń jò."

Bí wọ́n ṣe ń wá a nìyí. Bí bóòtù bá wà lójú omi, ẹ kò lè mọ ibi tí omi ń gbà wọlé, torí pé omi á ti bo gbogbo inú rẹ̀. Ẹ ó gbé e sórí ilẹ̀ ni, ẹ ó da omi sínú rẹ̀, ẹ ó wá bọ́ sábẹ́ lọ wò ó. Bàbá mi máa ń sọ pé, "Omi kì í purọ́. Ọ̀nà tó gbà wọlé náà ni yóò gbà jáde." Abẹ́ bóòtù náà kò gba àgbàlagbà, èmi ni mo kéré tó. Mo máa ń nà gbalaja lórí àpò sìmẹ́ńtì, ṣọ́ọ̀kì tí bàbá mi fi ń kọ̀wé sójú pátákó á wà lọ́wọ́ mi, ojú mi á sì wà lókè. Bí mo bá rí i tí ojú ibi tí pákó méjì ti pàdé ń dán, tí omi gbára jọ síbẹ̀, tó wúwo, tó sì já bọ́ sí mi níwájú orí, mo ti fi ṣọ́ọ̀kì yí i po.

"Bàbá, ó wà níbí."

"Ojú ẹ mú o, Àdùkẹ́. Tún wò ó dáadáa, àbúrò rẹ̀ lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."

Bàbá mi á da omi nù, á jẹ́ kí pákó gbẹ, á ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, á lọ́ òwú tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú àtùpà, á fi òòlù kékeré gbá a wọ inú àlàfo náà, kó tó wá da ọ̀dà gbígbóná lé e lórí. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ló máa ń wí. Lẹ́yìn náà, a tún pọnmi dà sí i. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Pákó tó ti gbó, bí ẹ bá há òwú mọ́ ọn níhìn-ín, á ti ẹnìkejì rẹ̀, ibòmíràn á sì là. Mo tún fi ṣọ́ọ̀kì yí òmíràn po.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀la ń di ọ̀túnla. Bàbá mi á ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kò ní fẹnu kan oúnjẹ kó tó bọ́ sídìí bóòtù. Lákọ̀ọ́kọ́, ìyá mi ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé àkàrà wá bá wa, ó ní, "Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹ̀yin àti bóòtù yín." A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó ti di ẹrù rẹ̀, àgbo àti aṣọ òtútù fún ìyá rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá Lámídì yà wá.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n gbé Ìyá Àdùkẹ́ sọdá ṣá. Kó lọ rí ìyá ẹ̀, kí ẹ̀yin máa bá bóòtù yín ṣeré bọ̀."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ó ku ibì kan péré. Ọ̀la ni."

"Ọ̀la tí ẹ wí lánàá ńkọ́?"

Bàbá mi nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Àna mi mọ ohùn ẹ́ńjìnnì mi, Bàbá. Tí wọ́n bá rí i pé ọkọ̀ àjẹ̀ ló gbé ọmọ wọn dé, kí ni wọ́n á rò pé ó ṣe mí?"

Bàbá Lámídì wo ìyá mi. Ìyá mi wo ilẹ̀. "Ó dáa jàre," ni bàbá náà wí. "Odò ò kúkú lọ síbì kankan."

Ọjọ́ tí mo dùbúlẹ̀ títí tí ẹ̀yìn fi ń ro mí, tí mi ò rí ìkán omi kankan, bàbá mi kò gbà mí gbọ́. Ó fúnra rẹ̀ fi orí wọ abẹ́ ibẹ̀ dé ibi tó lè wọ̀ dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun àti àwọn aládùúgbò ti bóòtù náà sómi, a sì sọdá. Oòrùn mú, ẹ́ńjìnnì ń han, inú bóòtù gbẹ bí orí tábìlì. Bàbá mi kò wo iwájú. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Kò sẹ́ni tó jáde wá pàdé wa. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin nìkan ló dúró sétí omi, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Màmá ńkọ́?" ni bàbá mi bi í.

"Ọ̀sán àná ni, Tíṣà. A sì sin wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ mọ̀ bí ti àwa ìmàle ṣe rí. Òwúrọ̀ yìí la fẹ́ rán Bàbá Lámídì sí yín." Ó wo ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn bóòtù. "Gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá dún lójú omi ni wọ́n ń ní ká lọ wò ó."

Ìyá mi gbé ẹrù rẹ̀ karí, ó gòkè lọ sílé. Kò sunkún títí ó fi wọlé. Bàbá mi jókòó sínú bóòtù níbi tó wà, ọwọ́ rẹ̀ lórí pákó gbígbẹ. Nígbà tí a ń padà bọ̀ ni ìyá mi tó bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá Àdùkẹ́, bóòtù yín kò jò." Kò sí ìbínú níbẹ̀ rárá. Wọ́n fa bóòtù náà padà sórí ìtì ọ̀pẹ, ọyẹ́ dé, ó la pákó rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì kaná ọ̀dà nílé wa mọ́.

Bàbá mi ti dolóògbé báyìí. Ìyá mi ń bá mi gbé ní Bàrúwà. Lọ́dún tó kọjá, a jókòó síwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà, mo wá bi í léèrè ohun tó ti wà nínú mi láti ìgbà pípẹ́: kí ló dé tí ẹ ò wọ ọkọ̀ Bàbá Lámídì?

Ó ju òkúta kan tó rí nínú ẹ̀wà nù. "Ìyá mi ni bàbá ẹ ń tún un ṣe fún. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi ní kó fi sílẹ̀?" Ó gbọn àtẹ. "Ìwọ náà wà lábẹ́ ọkọ̀, ò ń rẹ́rìn-ín. Mi ò rí ìwọ àti bàbá ẹ pa pọ̀ bẹ́ẹ̀ rí."

Òótọ́ ni. Ọmọ gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ni bàbá mi máa ń bójú tó. Bó bá délé, ìwé wọn náà ló ń máàkì. Àwọn ọjọ́ ọ̀dà yẹn nìkan ló fi jẹ́ tèmi. Nínú gbogbo ìgbà èwe mi, kò sí èyí tó dùn tó o. Alaalẹ́ ni mò ń gbàdúrà lórí ẹní pé kí ibòmíràn tún là.

Mo ti dàgbà ju bí ìyá mi ṣe wà nígbà náà lọ. Bó bá jẹ́ èmi ni, mo mọ̀ pé mi ò ní jẹ́ kí ilẹ̀ kejì mọ́ kí n tó wọ ọkọ̀ àjẹ̀ yẹn. Mi ò ní wo ojú ọkọ, mi ò sì ní wo ẹ̀rín ọmọ. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn sọ mí di ẹni tó gbọ́n jù ú lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ojú ọmọ yẹn mú. Ó ń rí ìkán omi tí kò tó orí abẹ́rẹ́, kò sì rí ìyá rẹ̀ tó ti wẹ̀, tó ti wọṣọ, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń wò ó.