Ẹ̀rọ Tó Ń Dúró De Èsì

Ọdún mẹ́ta ni mo fi lu ihò sára páálí ní ọ́fíìsì kan ní Plateau, àdúgbò àwọn ọ́fíìsì ní ìlú elédè Faransé tí mò ń gbé. Àwọn páálí yẹn ni ẹ̀rọ aṣèṣirò, tí a ń pè ní ordinateur, máa ń kà. Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun dé, iṣẹ́ páálí parí. Obìnrin mẹ́fà ni wá, àga kan péré ló wà nídìí ẹ̀rọ náà. Àǹtí tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Koumassi, àdúgbò mìíràn nínú ìlú náà, ti sọ fún mi pé bí mi ò bá rí àga yẹn, Èjìgbò, ìlú wa nílé, ni màá padà sí, sọ́dọ̀ ọkùnrin tí wọ́n ti bá mi wá sílẹ̀.

Ẹ̀rọ tuntun náà lè ṣe bí ẹni pé òun ni ẹ̀rọ àtijọ́. Èèyàn á tẹ àṣẹ kan, ẹ̀rọ á ṣe iṣẹ́ wa àtijọ́ bó ṣe wà, á sì tẹ èsì sórí bébà.

"Ṣe é kí n rí i," ni ọ̀gá wa wí fún mi lọ́jọ́ tó ń wá ẹni tí àga náà yẹ. Ọmọ Àjàṣẹ́ ti apá ilẹ̀ elédè Faransé ni, ó gbọ́ Yorùbá. Ó jókòó, ó ń ka ìwé ìròyìn.

Mo tẹ àṣẹ àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó dákẹ́. Bí ti àtijọ́ bá dúró, iná pupa máa ń tàn, a ó sì tẹ bọ́tìnnì kan kó lè máa lọ. Èyí kò níná. Mo rò pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú lọ́hùn-ún, mo káwọ́ lé itan. Ó ṣe mí bíi kí n bèèrè, ṣùgbọ́n ọ̀gá ń kàwé, ẹnu mi kò sì gbà á.

"Ìyàwó," ni ọ̀kan nínú àwa mẹ́fà wí lẹ́yìn mi, "ìwọ lò ń tijú ẹ̀rọ ni, àbí òun ló ń tijú ẹ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò wẹ̀yìn.

Nígbà tó yá, ọ̀gá gbójú sókè. "Kí lò ń ṣe látàárọ̀?"

"Mò ń dúró dè é ni, ọ̀gá."

"Òun náà ń dúró dè ọ́, ọmọ mi, ma petite. Ọ̀rọ̀ kan péré ló fẹ́ kó o tẹ̀."

Ó na ọwọ́ kọjá èjìká mi, ó tẹ̀ ẹ́. Kíá ni bébà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ẹni tó fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ló gba àga náà.

Nílé, mo ròyìn fún àǹtí mi.

"Ṣé o ò lè bèèrè ni?" ó wí. "Àbí o ò fẹ́ dúró níbí mọ́?"

Mo fẹ́ dúró. Ó wò mí títí, ó ń dúró de èsì. Nígbà tí mi ò sọ nǹkan kan, ó wọlé lọ gbé àpótí mi jáde.