Ẹtu àti Ẹ̀tù

Owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀tù ìbọn tí kò kún agolo mílíìkì ní Ṣakí lónìí, ká ní mo gbé e lọ sí ilé arọ nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, alágbẹ̀dẹ ìbá kó gbogbo ìbọn rẹ̀ fún mi, ìbá sì tún sìn mí délé. Mo rántí òórùn ilé arọ náà: èédú, epo àti irin gbígbóná. Mo wọ ṣòkòtò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ débi pé ó ń gbá ilẹ̀, mo wá ra ìbọn ṣakabùlà tí n ó fi pa àgbọ̀nrín.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe eré. Ojú ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, tó jẹ́ ọdẹ ilé wa, ti ń ṣú. Àwọn ọdẹ ìlú sì ti sọ pé bí ẹ̀rùn ọdún náà bá fi parí láìsí ẹni tó gbé àgbọ̀nrín wá láti agbo ilé wa, àwọn yóò gbé ìjókòó wa láàárín ọdẹ fún ilé mìíràn. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ilé wa ti ń jókòó níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo ti bá bàbá rin igbó láti kékeré, ni mo bá ní, "Bàbá, ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ìbọn mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ìgbòho tí a jọ wà ní yunifásítì, nawọ́ sí èyí tí wọ́n fi wáyà idẹ wé lọ́rùn, tó ń dán gbinrin. Mo fi ìka kan irin rẹ̀, ohùn tín-ín-rín ni mo gbọ́. Mo kan ti èkejì, tó rí wúruwùru, tó wúwo bí òkúta. Ohùn rẹ̀ ki.

"Èyí ni tèmi."

"Èyí tó rí bí ọmọ odó yìí?" Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. "Àgbọ̀nrín á kọ́kọ́ fi ẹ́ rẹ́rìn-ín kó tó sá!"

"Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké," ni mo dá a lóhùn.

Alágbẹ̀dẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Akọ̀wé ti wí báyìí, kò tún sí ẹjọ́ mọ́."

Ní ti ẹ̀tù, mo da díẹ̀ nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan sórí òkúta, mo fi iná sí i. Èyí tó jó wìì tí kò fi bẹ́ẹ̀ fi eérú sílẹ̀ ni mo mú. Ní ti ọta, mo kọ àfọ́kù irin sílẹ̀, nítorí ńṣe ló máa ń ba ẹran jẹ́. Mo ní kí alágbẹ̀dẹ yọ́ òjé fún mi, kó ṣe é róbótó, kó ṣe wẹ́kú ẹnu ìbọn. Ọta kan, ẹran kan. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe, tàbí kí n sọ pé mo mọ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a wà ní ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ, níbi tí koríko tútù ti ń hù lẹ́yìn iná igbó. Bàbá, tí etí rẹ̀ ṣì mú ju tiwa lọ, lúgọ síwájú. Ọ̀rẹ́ mi wà lẹ́yìn. Èmi kúnlẹ̀ nídìí igi ẹmì, mò ń ki ìbọn. Mo ti da ẹ̀tù sí i, n kò tíì ki ọta, nígbà tí bàbá yíjú sẹ́yìn, tó sọ ọ̀rọ̀ kan wúyẹ́wúyẹ́. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kì í lè gbé ohùn sókè, kì í sì í lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀tù ni mo gbọ́. Mo rò pé èyí tí mo dà kò tó, mo bá tún da òmíràn lé e, mo wá ki òjé tẹ̀ lé e. Àṣé ẹtu ni bàbá ń wí, ẹran kékeré tí etí rẹ̀ gbọ́ nínú koríko! Ó ti sá lọ.

Kò pẹ́, akọ àgbọ̀nrín kan yọ. Mo yìnbọn. Ìbọn náà bú bí àrá, ó gbé mi ṣánlẹ̀ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi wà lókè tòun ti ṣòkòtò yẹn. Nígbà tí èéfín lọ, àgbọ̀nrín ti dùbúlẹ̀.

"Kí lo dà sínú ìbọn yìí?" Bàbá ń pariwo.

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ẹ̀tù!"

"Ẹtu ni mo wí! Ẹran ni! Àbí yunifásítì ti sọ ẹ́ di adití ni?"

Ọ̀rẹ́ mi ń yí nílẹ̀ nínú eérú, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè mí.

Bó bá jẹ́ ìbọn onídẹ ni mo mú, wọn ìbá ti máa ṣa ìka mi kiri igbó. Irin tó nípọn yẹn ló gbà mí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá jókòó ní àyè wa láàárín àwọn ọdẹ, itan àgbọ̀nrín wà níwájú rẹ̀, èmi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú èjìká wíwú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ mí ní Ẹ̀tù-lé-ẹ̀tù.

Bàbá ti lọ. Alágbẹ̀dẹ ti lọ, ilé arọ rẹ̀ sì ti di ibi tí wọ́n ti ń tún ọ̀kadà ṣe. Ìbọn náà wà lára ògiri mi. Ìpẹtà ti bò ó, ṣùgbọ́n bí mo bá fi ìka kàn án, ohùn rẹ̀ ṣì ki. Èmi wà. Ọ̀rẹ́ mi wà ní Ìgbòho. Lọ́jọ́ tó bá rántí mi, á pè mí lórí fóònù, kò ní kí mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Èmi náà á bi í pé, "Èwo nínú méjèèjì?"