Yàrá Ọmọ Tí Kò Padà Wálé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọdé tó ń ru korobá omi kékeré ni mí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé-iṣẹ́ sórí oko ẹ̀gẹ́ wa ní Ọ̀tà níbí. Àwọn èèyàn wá ń ti Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun dé, ẹní lórí, àpótí lọ́wọ́, wọ́n ń wá yàrá kiri.

Ìyá àgbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa tí kì í gbà wọ́n. Yàrá kan ṣófo nílé rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni, ọ̀kan ṣoṣo tó bí. Ọmọ náà wáṣẹ́ lọ sí Èkó, ibẹ̀ ló gbà kọjá sókè òkun. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ìyá ń gbá yàrá náà, èmi ni mo sì máa ń bá a kó ìdọ̀tí dànù. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, á ní, "Yàrá yẹn lẹ́ni tó ni ín. Ó ń bọ̀."

Lọ́jọ́ kan tí òjò ńlá ń rọ̀, ọkùnrin ará Ọ̀ṣun kan àti ìyàwó rẹ̀ tó lóyún sá wá sábẹ́ òrùlé ìyá. Obìnrin náà ń gbọ̀n. Ìyá wò ó títí, ó wá sọ fún mi pé, "Lọ ṣílẹ̀kùn yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ." Ó yíjú sí wọn. "Ẹ wọlé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ mi bá dé, ẹ ó kúrò fún un o."

"A ti gbọ́, ìyá wa. Ẹ ṣeun."

Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí sínú yàrá náà. Ìyá ló wẹ̀ wọ́n, òun ló pọ̀n wọ́n. Nígbà tó kú, wọ́n ránṣẹ́ sókè òkun, a ò gbúròó nǹkan kan. Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, nítorí náà ará Ọ̀ṣun yìí ló wọ inú sàréè lọ gba òkú rẹ̀, bí ọmọ ṣe ń ṣe. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mo sì ṣépè fún ọmọ tí kò wá.

N kò jẹ́ ṣẹ́ irú èpè bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Iṣẹ́ gbé ọ̀kan lọ sí Àbújá, ó gbé àwọn yòókù sọdá òkun.

Láyé ìgbà yẹn, bí èèyàn bá wúkọ́ lódìkejì ọjà, a mọ ẹni tó wúkọ́. Lónìí, ilé ti kún láti Sángo títí dé Joju, títì ò ṣeé sọdá. Àwọn ayálégbé kún ilé mi náà, wọ́n níwà, "Ẹ káàárọ̀, Màmá" ò sì wọ́n wọn lẹ́nu. Àmọ́ mo jókòó lánàá, mo ń wá ẹni tó ṣì mọ orúkọ tí ìyá mi fi ń pè mí. Mo ronú títí. Kò ku ẹnì kan mọ́, nílùú tí wọ́n bí mi sí.