Ẹ̀gbọ́n Mi àti Ilé Bọ́ọ̀lù Tí Wọ́n Wó

Ẹ̀rọ amúlétutù ni ẹ̀gbọ́n mi ń tún ṣe. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ n'Íbàdàn ni wọ́n gbé dé Amẹ́ríkà, òun náà ló sì gbé wọn wọ ilé bọ́ọ̀lù àtijọ́ tó wà láàárín ìlú Atlanta, èyí tí òrùlé rẹ̀ funfun, tó wú sókè bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú epo. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa ń lò nígbà náà. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni mò ń wí o, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sá lọ, tí àwọn ọkùnrin tó dé akoto ń torí ẹ̀ kọlu ara wọn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, mo bi wọ́n pé ṣé ìjà nìyẹn àbí eré.

Wọ́n ní, "Méjèèjì ni. Wá wò ó."

Mi ò lọ wò ó. Nọ́ọ̀sì ni mí, ilé ìwòsàn kan ní Decatur ni mo ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ sì ni wọ́n sábà máa ń fún mi ní shift. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó wọn ni mo kọ́kọ́ gbé, ní Stone Mountain. Aunty ni mò ń pe ìyàwó wọn. Wọ́n fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, síbẹ̀ "ọkọ mi" ni wọ́n ń pè mí, torí pé mo ti wà nílé kí wọ́n tó gbé wọn wọlé.

Etí ni ẹ̀gbọ́n mi fi kọ́ bọ́ọ̀lù yẹn. Lọ́jọ́ tí eré bá wà, inú yàrá ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń wà, lábẹ́ àwọn ìjókòó, àwọn àti bàbá aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́. Wọn kì í rí pápá. Ẹsẹ̀ àwọn èrò lókè orí wọn ni wọ́n ń gbọ́. Bàbá yẹn á nàka sókè, á ní, "Ṣé o gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ yẹn? Tiwa ló gbé bọ́ọ̀lù." Tí òkè bá pa lọ́lọ́, á mi orí. "Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ wa nìyẹn."

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ ìlú wa sílẹ̀, kò gba ife-ẹ̀yẹ ńlá rí. Àwọn tó ń tẹ̀lé e mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣì ń wọ pupa àti dúdú, àwọ̀ ẹgbẹ́ náà, lọ síbẹ̀. Wọ́n á ti gúnlẹ̀ sí páàkì láti àárọ̀, wọ́n á ṣí bùútù mọ́tò, wọ́n á máa sun ẹran, wọ́n á máa bú olùkọ́ ẹgbẹ́ náà bí ẹni ń bú ọmọ ìyá ẹni. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń gbé súyà lọ fún wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní ata rẹ̀ ti pọ̀ jù, wọ́n á sì jẹ ẹ́ tán. Aunty ló ń po yàjì rẹ̀.

Ọdún kan wá dé tí ẹgbẹ́ náà dé àṣekágbá. Ìlú mìíràn ni wọ́n ti gbá a, nítorí náà ilé ni ẹ̀gbọ́n mi wà. Èmi náà ò níṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mo bá lọ síbẹ̀. Aunty din puff-puff, wọ́n sì se iwe adìẹ aláta.

Àwa là ń na ẹgbẹ́ kejì. A jù wọ́n lọ gan-an, débi pé nígbà tí wọ́n fi máa sinmi àárín eré, ẹ̀gbọ́n mi ti ń pe àwọn ará ilé n'Íbàdàn, wọ́n ń jí wọn lójú oorun, àwọn èèyàn tí ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù náà.

"A ti gbà á!" ni wọ́n ń wí. "Ẹ bá wa dúpẹ́!"

Aunty ní, "Daddy, ẹ jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀ ná."

"Kí ló kù? Ó ti parí."

Kò tíì parí. Ẹgbẹ́ kejì bẹ̀rẹ̀ sí í lé wa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mi ò mọ òfin eré náà nígbà yẹn, ojú ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń wò. Wọn ò pariwo. Wọ́n gbé fóònù kalẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n dijú, wọ́n ń fetí gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n wà nínú yàrá ẹ̀rọ. Ẹgbẹ́ kejì bá wa dọ́gba. Wọ́n fi kún àkókò. Wọ́n gba ife náà mọ́ wa lọ́wọ́. Aunty ló dìde pa tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," Aunty wí.

"Kò sí nǹkan," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. Wọ́n jẹ puff-puff kan. Wọ́n jẹ ọ̀kan sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ sókè níbi iṣẹ́ mi. Dókítà, awakọ̀ áńbúláǹsì, àwọn tó ń nulẹ̀, gbogbo wọn ló ń rìn bí ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù tí aláìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sí. Ó yà mí lẹ́nu pé nítorí bọ́ọ̀lù ni.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n parí ilé bọ́ọ̀lù tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ̀yìntì, wọn ò bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dé ilé tuntun. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ohun abúgbàù wó ti àtijọ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ wò ó láti ọ̀ọ́kán, láàárọ̀. Ó ró gbì, gbì, gbì, òrùlé funfun yẹn rọ sílẹ̀, eruku bò ó mọ́lẹ̀. Kò pẹ́ rárá. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ògiri kan ṣì dúró. Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí i. "Apá ibẹ̀ lẹ̀rọ mi wà," ni wọ́n wí. Aunty di ọwọ́ wọn mú.

Kò ju ọdún mélòó kan lọ sígbà náà tí Aunty kú. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni, kò fi wọ́n falẹ̀. Ilé ìwòsàn tiwa ni wọ́n wà, òkè wọ́ọ̀dù mi gan-an. Nígbà tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn ni mo wà, mo wo aago, mo pa ojú wọn dé, mo pe ọmọ wọn obìnrin kan ṣoṣo tó ń gbé ní Texas, mo sì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ohùn iṣẹ́ mi ni mo fi sọ ọ́. Mo ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn débi pé ẹnu mi mọ̀ ọ́n sọ láìsí èmi níbẹ̀. Kò pẹ́ tí a sin wọ́n tí mo fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Mò ń retí ẹkún náà. Mo rò pé ó wà lọ́nà. Kò dé.

Ìgbàgbé wá mú ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sínú fíríìjì. Wọ́n wakọ̀ dé Decatur, wọn ò mọ ọ̀nà ilé mọ́, ọlọ́pàá ló pè mí. Mo kó ẹrù wọn wá sí ilé mi ní Stockbridge. Ìbéèrè méjì ni wọ́n máa ń bi mí níbẹ̀, nígbà mìíràn kí n tó bọ́ bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀ pàápàá.

"Àbúrò, bọ́ọ̀lù ọjọ́sí, a gbà á, àbí?"

Àti, "Ìyàwó mi dà?"

Lákọ̀ọ́kọ́, òótọ́ ni mò ń sọ. Tí mo bá sọ pé Aunty ti kú, wọ́n á sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, torí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni. Tí mo bá sọ pé wọ́n gba ife mọ́ wa lọ́wọ́, wọ́n á sunkún bákan náà. Omijé ti bọ́ọ̀lù ò kéré sí ti ìyàwó. Mo máa ń jókòó tì wọ́n, mo máa ń fi tísù nu ojú wọn, èmi fúnra mi ò mọ nǹkan kan lára. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá fún èèyàn lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ eyín rẹ̀. O mọ̀ pé ẹnu rẹ ni wọ́n ń fà, àmọ́ bí ẹnu ẹlòmíràn ló rí.

Nígbà tó yá, mo yí i padà. Mo ní Aunty jáde lọ. Mo ní a gba ife náà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ilé á sì tòrò. Pásítọ̀ wa bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé báwo ni mo ṣe ń ṣe é. Mo ní, "A dúpẹ́, sà."

Ọmọ wọn tó wà ní Texas ló ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì ránṣẹ́. Ó ní kí n mú dádì òun lọ wo eré kan, bóyá ojú wọn á là. Mo wakọ̀ dé ibùdókọ̀ ojú irin, a wọ ọkọ̀ lọ. Pupa àti dúdú ló kún inú ọkọ̀ náà, àwọn èèyàn tí ò mọ ara wọn rí ń kí ara wọn. Obìnrin àgbà kan dìde fún ẹ̀gbọ́n mi láti jókòó. Ó wo fìlà wọn tó ti ṣá. Ó ní, "Ẹ ti pẹ́ nínú ìyà yìí nìyẹn." Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé wọ́n mọ ohun tó ń sọ.

Ilé tuntun náà tóbi. Wọ́n ṣí òrùlé rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ojú ọ̀run ń wo gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, wọ́n wo òkè, wọ́n wo ìsàlẹ̀.

"Kì í ṣe ibí," ni wọ́n wí.

"Ibí ni, ẹ̀gbọ́n mi. Tuntun ni."

"Kì í ṣe ibí."

Nígbà ìsinmi àárín eré, mo mú wọn jáde sí ibi tí wọ́n ti ń ta omi. Mo tú ọwọ́ wọn sílẹ̀ láti mú báàgì mi. Nígbà tí mo yíjú padà, wọn ò sí níbẹ̀.

Mo lọ bá obìnrin ẹ̀ṣọ́ kan. Ó fa rédíò rẹ̀ yọ.

"Kí ni wọ́n wọ̀?"

"Aṣọ pupa, fìlà dúdú."

Obìnrin náà wo àwọn èèyàn tó ń kọjá níwájú wa. Ó wo ojú mi. Pupa àti dúdú ni gbogbo wọn.

Ó yẹ kí n máa sáré. Mo ti rí àwọn obìnrin tó ń sáré lọ sókè sódò ní ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń pariwo orúkọ. Èmi rọra rìn ni. Mo wo ibi ìtura, mo wo ìdí àwọn òpó. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá sí mi lọ́kàn pé ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé kì í ṣe ibẹ̀. Mo jáde kúrò nínú ilé bọ́ọ̀lù náà.

Koríko tútù ni wọ́n gbìn sí ibi tí wọ́n ti wó ilé àtijọ́. Àwọn tó sun ẹran níbẹ̀ láàárọ̀ ti wọlé lọ, obìnrin kan ń ṣa agolo sínú àpò. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín koríko.

"Bàbá yín ni?" obìnrin náà bi mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Wọ́n láwọn fẹ́ wọṣẹ́. Mo ní kò sí ilẹ̀kùn níbí."

Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí koríko. "Ó dákẹ́," ni wọ́n wí. "Wọ́n ń nà wá." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tán ni ariwo ńlá bú jáde láti òrùlé ilé tuntun, ó gba orí wa kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, ojú wọn sì mọ́ bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Ìyàwó mi ti kú, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"O sì ń sọ fún mi pé wọ́n jáde."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú."

"Ṣé o sunkún?"

"Rárá."

"Kí ló dé?"

"Mi ò mọ̀."

Wọ́n mi orí. Wọn ò sunkún lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan èjìká mi lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún mi ní kékeré tí mo bá ṣubú. A jókòó síbẹ̀ títí tí àwọn èrò fi ń jáde. Ojú àwọn èèyàn náà ni mo fi mọ̀ pé wọ́n ti nà wá. Ọkùnrin kan tó ń kọjá ju ọwọ́ sí wa, ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní a ó wà níbẹ̀.

A ò padà lọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún bi mí léèrè ìyàwó wọn, mo sọ òótọ́, mo sì jókòó tì wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn náà ìbéèrè ọ̀hún tán fúnra rẹ̀, ti ìyàwó àti ti bọ́ọ̀lù. Ní báyìí, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní Decatur ni mo ń gbé wọn lọ láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Sunday tí mi ò bá níṣẹ́, èmi ni mò ń tan tẹlifíṣọ̀n. Mo ti mọ òfin eré náà dáadáa. Mò ń wò ó dé òpin, mi kì í pariwo, wọ́n á sì máa sùn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, wọ́n jí, wọ́n wò mí pẹ́.

"Ìyá mi," ni wọ́n wí, "ṣé ẹ ti jẹun?"

Ìyá wa ti kú kí n tó kúrò ní Nàìjíríà. Mo ní mo ti jẹun. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo lọ gbé ìkòkò kaná láti se oúnjẹ tiwọn.