Ọwọ́ Tó Dúró Lójú Kọ̀ǹpútà

Òórùn epo jẹnẹrétọ̀ tó dà pọ̀ mọ́ ti àgbàdo sísun ni mo fi ń rántí ṣọ́ọ̀bù wa lójú ọ̀nà Sẹ̀kọ́nà, ní Ẹdẹ. O mọ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀: kọ̀ǹpútà mélòó kan, fáànù tó ń ké, íńtánẹ́ẹ̀tì tí kò tó pín. Bí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ti ń wo fíìmù, ohùn ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀ lókè òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Ẹnìkejì mi nínú iṣẹ́ náà, tó mọ tinú ẹ̀rọ, ló wá nǹkan ṣe sí i. Ó ní ráútà, àpótí kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún wa, lè yẹ gbogbo ohun tó ń kọjá wò, kó mọ èyí tó jẹ́ ohùn àti èyí tó jẹ́ àwòrán.

"Bí ìgbà tí a bá ń bu oúnjẹ ni," ló wí. "Àgbà là ń kọ́kọ́ bù fún. Ohùn ni àgbà níbí."

Gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ àwòrán, ó kó o pọ̀ mọ́ fíìmù, ó tì í sẹ́yìn. Ohùn wá ń dún ketekete. Ìyá kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó ọmọ mi ò tún lè ní òun ò gbọ́ mi mọ́."

Bàbá kan wà tó máa ń wá láti ìlú Àrà. Wọn ò gbọ́ràn láti kékeré, wọn ò mọ̀wé. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń bá ìyàwó wọn sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí àwọn méjèèjì dá sílẹ̀ nínú ilé ara wọn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí gbọ́ ọ bí ẹní mu ún mọ́ ọmú. Ìyá rẹ̀ kú, ọmọ wà lókè òkun, ojú kọ̀ǹpútà wa ni òun àti Bàbá ti máa ń rí ara wọn. Kò tún sẹ́lòmíràn láyé tó gbọ́ èdè náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ náà ránṣẹ́ sí fóònù mi pé wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun, kí n jọ̀ọ́ bá òun pe bàbá òun. Bàbá gun ọ̀kadà dé, wọ́n jókòó. Ṣọ́ọ̀bù kún. Ọmọ yọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó nà án síwájú, àwòrán sì dúró gbagidi.

Ohùn rẹ̀ ò dúró. Ó máa ń fẹnu sọ ọ́ bó ṣe ń fọwọ́ sọ ọ́. "Bàbá mi, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ dárí jì mí pé mi ò sí nílé nígbà tí màámi lọ." Gbogbo wa gbọ́. Àwọn tó ń wo fíìmù yọ nǹkan etí wọn. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ nìkan ni kò gbọ́. Bàbá wo ojú mi. Mo lu àyà, mo pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, mo ń wá ohun tí mo lè fi sọ ọ́. Bàbá ń wò mí bí ẹni ń wo àjèjì.

Ẹnìkejì mi ti kúnlẹ̀ ti ráútà. Nígbà tí àwòrán fi máa tú, wọ́n ti gbé ọmọ lọ. Kọ́tìnì ló ń mì.

Kò jí nínú iṣẹ́ abẹ náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ẹnìkejì mi ti sọ àwòrán ẹni tó ń pè di àgbà pẹ̀lú ohùn. Kò sẹ́ni tó wá fi í sọ̀rọ̀ ọwọ́ mọ́.

Bí Bàbá bá wá sọ́jà, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Wọ́n á gbé ọwọ́ lé àyà, wọ́n á nà án síwájú, wọ́n á dá a dúró níbi tí ẹ̀rọ dá a dúró sí, wọ́n á wá máa wò mí. Ìyókù ni wọ́n ń béèrè. Ìyókù wà létí mi títí dòní, mi ò ní ọwọ́ tí mo lè fi sọ ọ́.